Òfin iṣẹ́ ti yí padà: bí agbanisíṣẹ́ ṣe lè tún ìwé owó oṣù rẹ̀ tò

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2026, Alhájà kan tó ní ilé búrẹ́dì n'Ìbàdàn gbé ìwé owó oṣù rẹ̀ wá bá mi. Òṣìṣẹ́ 29 ló ní. Ìwé náà mọ́ tónítóní: orúkọ, iye owó, ibi ìbuwọ́lùwé, kò sí ìparẹ́ kankan níbẹ̀. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, mo ní, "Alhájà, owó-orí tẹ́ ẹ yọ yìí, òfin àtijọ́ lẹ fi yọ ọ́." Wọ́n wò mí. "Ṣé òfin ọ̀hún ti kú ni?"

Ó ti kú. Òmíràn ti gba ipò rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026. Ti owó-orí nìkan sì kọ́ ló yí padà láàárín ọdún mélòó kan yìí. Owó oṣù tó kéré jù lọ yí padà ní 2024, òfin ìlera ní 2022, òfin tó dáàbò bo ìwífún ara ẹni ní 2023. Àwọn tó ti wà nílẹ̀ tipẹ́, bíi òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014, ṣì wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ agbanisíṣẹ́ ni kò tíì pa wọ́n mọ́ rárá. Bí mo ṣe to iṣẹ́ náà fún Alhájà ni mo ṣe tò ó síhìn-ín. Nàìjíríà ni gbogbo rẹ̀ wà fún.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ka òṣìṣẹ́ yín

Òfin kò fi ojú kan náà wo ẹni tó gba èèyàn mẹ́ta síṣẹ́ àti ẹni tó gba ọgbọ̀n. Iye mẹ́ta ló yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ sórí: 5, 15 àti 25.

Tẹ́ ẹ bá ti ní òṣìṣẹ́ márùn-ún, òfin ìlera ti 2022, tó dá NHIA (àjọ ìbánigbófò ìlera ti ìjọba àpapọ̀) sílẹ̀, ti kàn yín: ẹ gbọ́dọ̀ forúkọ ẹ̀yin àti àwọn òṣìṣẹ́ yín sílẹ̀ fún ìbánigbófò ìlera. Tí wọ́n bá pé 15, owó ìfẹ̀yìntì di dandan. Tí wọ́n bá pé 25, ẹ ò lè san ohun tó dín sí owó oṣù tó kéré jù lọ.

Ẹ kà wọ́n dáadáa. Nígbà tí Alhájà kọ́kọ́ kà, 22 ni wọ́n pè é, torí wọn ò ka àwọn ọmọ tó ń gbé búrẹ́dì lọ fún àwọn oníbàárà lárààárọ̀. Àwọn méje yẹn ń gbowó oṣù, Alhájà ló ń yan ọ̀nà tí wọ́n máa gbà fún wọn, òun náà ló ni mọ́tò. Òṣìṣẹ́ ni wọ́n. Mo tún mọ àwọn tó máa ń pín ilé iṣẹ́ kan sí méjì lórí ìwé kí ó má bàa pé 25. N kì í gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹnì kan náà ló ń pàṣẹ, tó sì jẹ́ àpò kan náà lowó ti ń jáde, ẹjọ́ yẹn á ṣòro rò.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ fún wọn níwèé

Òfin òṣìṣẹ́ wa (Labour Act) ní kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé àdéhùn, ó pẹ́ tán, kí oṣù mẹ́ta tó pé tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Orúkọ agbanisíṣẹ́ àti ti òṣìṣẹ́ á wà níbẹ̀, ọjọ́ tó wọṣẹ́, irú iṣẹ́ tó máa ṣe, iye owó àti ìgbà tí wọ́n á máa san án, wákàtí iṣẹ́, ìsinmi, owó ìgbà àìsàn, àti iye ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ fi sọ tẹ́lẹ̀ kí iṣẹ́ tó parí. Ojú ewé méjì tó gbogbo ẹ̀. Kò nílò èdè lọ́yà. Bí apoyẹ̀fun yín kò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan kà á fún un ní Yorùbá kó tó fọwọ́ sí i, kí ẹni tó kà á náà fọwọ́ sí i pé òun kà á.

Ẹ rántí pé àwọn tó ń fọwọ́ ṣiṣẹ́ àti àwọn akọ̀wé ni òfin yìí ń sọ̀rọ̀ nípa wọn. Ti mánéjà yàtọ̀: ohun tó wà nínú ìwé àdéhùn rẹ̀ ni ilé ẹjọ́ á kọ́kọ́ wò. Nítorí náà, ìwé mánéjà ló yẹ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kọ jù.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ₦70,000

Ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún 2024 ni Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí àtúnṣe òfin owó oṣù tó kéré jù lọ. Ó kúrò ní ₦30,000, ó di ₦70,000. Àwọn tí òfin yẹn yọ sílẹ̀ ni ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25, àwọn tó ń gba owó lórí iye ohun tí wọ́n ṣe tàbí tà, àwọn tí kì í ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́, àti àwọn òṣìṣẹ́ oko tó jẹ́ ti ìgbà sí ìgbà.

Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù ni pé: "Ṣebí Ọ̀yọ́ ń san ₦80,000, Èkó ń san ₦85,000, ṣé èmi náà á san bẹ́ẹ̀?" Iye tí ìjọba ìpínlẹ̀ fẹnu kò sí pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn. Ohun tó de ilé iṣẹ́ aládàáni ni ₦70,000. Tí òṣìṣẹ́ yín bá wá ń wo ẹnu ọ̀nà ìjọba, ìyẹn ti di ọ̀rọ̀ ọjà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ òfin.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ tún owó-orí ṣírò láti ìbẹ̀rẹ̀

Ibí yìí ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù. Ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 2025 ni Ààrẹ fọwọ́ sí òfin owó-orí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó kan ìwé owó oṣù yín jù nínú wọn ni Nigeria Tax Act. Òfin àtijọ́ máa ń fún òṣìṣẹ́ ní ẹ̀dínwó kan tí wọ́n ń pè ní CRA: ó kéré tán ₦200,000, pẹ̀lú ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún un lọ́dún. Kò sí ìyẹn mọ́. Ohun tó rọ́pò rẹ̀ ni pé ₦800,000 àkọ́kọ́ kò ní owó-orí kankan lórí, àti pé ẹni tó ń san owó ilé lè yọ ìdá 20 owó ilé tó san lọ́dún, kó má ti ju ₦500,000 lọ.

Bí wọ́n ṣe wá ń gba owó náà nìyí. ₦800,000 àkọ́kọ́, òfo. ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e, ìdá 15. ₦9,000,000 tó tẹ̀ lé ìyẹn, ìdá 18. Lẹ́yìn náà ₦13,000,000, ìdá 21. ₦25,000,000, ìdá 23. Ohun tó bá kọjá ₦50,000,000, ìdá 25. Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò bá ju owó oṣù tó kéré jù lọ kò ní san nǹkan kan rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ₦70,000 lọ́nà 12 jẹ́ ₦840,000, tó ju ₦800,000 lọ. Mo ti rí i tí wọ́n yọ owó-orí lára irú wọn nítorí ₦40,000 yẹn. Kò yẹ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹnì kan ṣe é. Ẹni tó ń sun búrẹ́dì fún Alhájà ń gba ₦150,000 lóṣù, ìyẹn ₦1,800,000 lọ́dún. Owó ìfẹ̀yìntì tirẹ̀, ìdá 8, jẹ́ ₦144,000. Ó ń san ₦300,000 lọ́dún fún yàrá àti pálọ̀ tó ń gbé. Ìdá 20 rẹ̀ jẹ́ ₦60,000. Ẹ yọ méjèèjì kúrò, ó ku ₦1,596,000. Ẹ yọ ₦800,000, ó ku ₦796,000. Ìdá 15 rẹ̀ jẹ́ ₦119,400 lọ́dún, ìyẹn ₦9,950 lóṣù.

Lábẹ́ òfin àtijọ́, ọkùnrin yìí kan náà ń san nǹkan bí ₦11,140 lóṣù. Alhájà ti yọ iye àtijọ́ yẹn lóṣù kìíní. Owó tó lé náà, òṣìṣẹ́ ló ni ín. Oṣù kejì la dá a padà fún un, a sì kọ ọ́ sínú ìwé.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ owó ilé yẹn dáadáa. Ká ní kò ní ẹ̀rí pé ó ń san owó ilé, ₦10,700 là bá yọ lára rẹ̀ lóṣù. ₦750 ni ìyàtọ̀, ìyẹn ₦9,000 lọ́dún, torí pé onílé kò já rísíìtì. Ẹ sì mọ àwọn onílé wa: owó tí wọ́n á gbà lọ́wọ́ yín lónìí ń yá wọn lára, ìwé ni kì í yá. Ẹ sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ yín kí wọ́n máa san án láti báǹkì, kí wọ́n sì mú ẹ̀dà ìwé àdéhùn ilé wá. Ẹ fún oníkálukú ní fọ́ọ̀mù kékeré kan tí á kọ iye owó ilé rẹ̀ àti àdírẹ́sì rẹ̀ sí, kí ó fọwọ́ sí i. Ẹni tí kò bá mú nǹkan kan wá, ẹ ṣírò tirẹ̀ láìsí ẹ̀dínwó náà. Ẹ má bá a méfò.

Ẹlòmíràn ń gba ₦75,000. Ìyẹn ₦900,000 lọ́dún. Ẹ yọ owó ìfẹ̀yìntì ₦72,000 àti ₦800,000, ó ku ₦28,000. Owó-orí rẹ̀ jẹ́ ₦350 lóṣù tí kò bá san owó ilé. Kékeré ni, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé.

Ta lẹ máa san án fún? Àjọ owó-orí ìpínlẹ̀ tí òṣìṣẹ́ náà ń gbé ni, kì í ṣe NRS, àjọ owó-orí ìjọba àpapọ̀ tó rọ́pò FIRS. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ n'Ìkẹjà tó ń sùn ní Mowe tàbí Ìbàfò, Ògùn ló ni owó-orí rẹ̀. Ìdí mìíràn tí àdírẹ́sì fi gbọ́dọ̀ wà lórí fọ́ọ̀mù yẹn nìyí. Kí ọjọ́ kẹwàá oṣù tó tẹ̀ lé e má kọjá kẹ́ ẹ tó san án. Ìwé àkọsílẹ̀ gbogbo ọdún gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn kí oṣù kìíní tó parí. Lábẹ́ òfin tuntun, ẹni tí kò bá fi ìwé ránṣẹ́ lásìkò á san ₦100,000 fún oṣù àkọ́kọ́ àti ₦50,000 fún oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀ lé e.

Ẹ gba NIN òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú, torí òun ni wọ́n ń lò gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà owó-orí ẹni. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra o. NIN, àdírẹ́sì, iye owó ilé, gbogbo ìyẹn ti wọ abẹ́ òfin ìdáàbòbo ìwífún ti 2023. Ní ọ̀dọ̀ Alhájà, sórí gúrúùpù WhatsApp ilé iṣẹ́ ni mánéjà ní kí gbogbo wọn fi NIN wọn sí. Gbogbo wọn fi í síbẹ̀, títí kan ẹnì kan tó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ tí wọn kò tíì yọ kúrò nínú gúrúùpù. Ẹ gbà á lórí ìwé, ẹ tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, kí ẹni méjì péré ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: owó ìfẹ̀yìntì, jàǹbá, ìbánigbófò

Òṣìṣẹ́ mú ìdá 8, agbanisíṣẹ́ mú ìdá 10, lórí owó oṣù gan-an, owó ilé àti owó ọkọ̀ tó wà nínú rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé gbogbo rẹ̀ fúnra yín, kò gbọ́dọ̀ dín sí ìdá 20. Láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje tẹ́ ẹ bá ti san owó oṣù, owó náà gbọ́dọ̀ ti dé. Tí kò bá dé, ìyà rẹ̀ kò dín sí ìdá 2 lóṣù lórí iye tẹ́ ẹ jẹ.

Òṣìṣẹ́ ló ń yan ilé iṣẹ́ tí á máa tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Kì í ṣe agbanisíṣẹ́, kì í sì í ṣe àbúrò agbanisíṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀kan nínú wọn.

Èyí tí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé ni ìbánigbófò ẹ̀mí. Òfin owó ìfẹ̀yìntì kan náà ní kí agbanisíṣẹ́ ra ìbánigbófò ẹ̀mí fún òṣìṣẹ́, tí kò gbọ́dọ̀ dín sí ìlọ́po mẹ́ta owó tó ń gbà lọ́dún. Fún ẹni tó ń sun búrẹ́dì yẹn, ₦5,400,000 nìyẹn. Tí kò bá sí, tí nǹkan sì ṣẹlẹ̀, ọ̀dọ̀ agbanisíṣẹ́ ni ẹbí òṣìṣẹ́ máa yà sí.

Ti jàǹbá ibi iṣẹ́ wà lọ́dọ̀ NSITF, àjọ ìjọba tó ń san owó fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, lábẹ́ òfin ti 2010. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó oṣù ni, àpò agbanisíṣẹ́ ló sì ti ń jáde. Ẹ má yọ ọ́ lára òṣìṣẹ́. Tí ẹ̀rọ bá bu ẹnì kan lọ́wọ́, ọjọ́ méje lẹ ní láti fi tó wọn létí. Ẹ jẹ́ kí fọ́ọ̀mù rẹ̀ ti wà nílẹ̀ kó tó ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nílẹ̀, kò sẹ́ni tó máa rántí ibi tí fọ́ọ̀mù wà.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: búrẹ́dì tó jóná

Èyí kì í ṣe òfin tuntun, ṣùgbọ́n òun ló ń kó agbanisíṣẹ́ sí ìjàngbọ̀n jù. Nínú ìwé Alhájà, mo rí "búrẹ́dì jóná, ₦6,000", "pẹ́ dé iṣẹ́, ₦2,000". Òfin òṣìṣẹ́ kò fàyè gba kí wọ́n máa fi owó oṣù jẹ òṣìṣẹ́ níyà báyìí. Tó bá jẹ́ pé òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́, tàbí tó fi àìbìkítà bà á jẹ́, agbanisíṣẹ́ lè yọ iye tó bójú mu, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Lápapọ̀ sì rèé, ohun tí wọ́n bá yọ lóṣù kan kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù rẹ̀ lọ.

Mo ní kí Alhájà fi ìlà kan pa gbogbo "búrẹ́dì jóná" rẹ́. Wọ́n ní, "Kí ni mo wá fẹ́ fi bá wọn wí?" Ìwé ìkìlọ̀ ni. Ẹ kọ ọjọ́, ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ kọ ohun tí òṣìṣẹ́ náà fi fèsì, kí ó fọwọ́ sí i. Ìwé mẹ́ta bẹ́ẹ̀ yóò ṣe yín láǹfààní níwájú adájọ́ ju ₦6,000 tẹ́ ẹ yọ lọ.

Ìgbésẹ̀ keje: ìsinmi, àti bí iṣẹ́ bá fẹ́ parí

Ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà ni ìsinmi ọlọ́dọọdún tó kéré jù, lẹ́yìn oṣù 12. Fún àìsàn, tó bá ní ìwé dókítà, owó oṣù kò gbọ́dọ̀ dúró títí di ọjọ́ 12 láàárín ọdún kan. Aboyún ní ẹ̀tọ́ sí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ìbímọ àti mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá ti ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà, owó tí á máa gbà kò gbọ́dọ̀ dín sí ìdajì. Tó bá padà, ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ló ní fún fífún ọmọ lọ́mú. Ààlà tí òfin fi sílẹ̀ nìyẹn, ẹ lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ dá ẹnì kan dúró, iye ọdún tó ti lò ló ń sọ bí ẹ ó ṣe sọ tẹ́lẹ̀ tó: ọjọ́ kan fún ẹni tí kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ, ọ̀sẹ̀ kan títí dé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ méjì títí dé ọdún márùn-ún, oṣù kan fún ẹni tó bá ti lò tó bẹ́ẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ìwé àdéhùn yín bá ní jù bẹ́ẹ̀, ti ìwé àdéhùn lẹ máa tẹ̀ lé. Tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ló dín kù tẹ́ ẹ sì fẹ́ dín èèyàn kù, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ìdí rẹ̀ àti iye ẹni tó kàn fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tàbí aṣojú wọn, kẹ́ ẹ sì jọ sọ̀rọ̀ lórí owó tí wọ́n máa fi lọ. Owó tí wọ́n bá san fún ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, títí dé ₦50,000,000, kò ní owó-orí lábẹ́ òfin tuntun. ₦10,000,000 ni tẹ́lẹ̀.

Ẹ kọ ìdí tẹ́ ẹ fi dá ẹni náà dúró. Láti ìgbà tí wọ́n ti tún ìwé òfin ilẹ̀ wa ṣe ní 2010, ilé ẹjọ́ òṣìṣẹ́ (National Industrial Court) ní àṣẹ láti wo ohun tí ayé ń ṣe lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, àti àwọn àdéhùn àgbáyé tí Nàìjíríà ti fọwọ́ sí. Ọ̀kan nínú wọn ni èyí tí a fọwọ́ sí ní 2022 lórí ìwà ipá àti ìfìtínà níbi iṣẹ́. Nítorí náà, ẹ lẹ ìwé kan mọ́ ara ògiri tó sọ ẹni tí òṣìṣẹ́ lè fẹjọ́ sùn bí ọ̀gá bá fọwọ́ kàn án ní ìfọwọ́kàn tí kò tọ́. Orúkọ ẹni méjì ni kẹ́ ẹ kọ, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ obìnrin.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: 2027 ti ń bọ̀

Àtúnṣe 2024 tún sọ pé ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọn yóò máa ṣàyẹ̀wò owó oṣù tó kéré jù lọ, dípò ọdún márùn-ún. Ìyẹn ni pé 2027 ni ọ̀rọ̀ yóò tún bẹ̀rẹ̀. Iye tí yóò jẹ́ kò tíì sí lórí ìwé, ṣùgbọ́n ẹ lè ti ṣírò ohun tí ₦10,000 kọ̀ọ̀kan máa ná yín.

Ti Alhájà rèé. Nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, 20 ló wà ní ₦70,000. Tí ₦10,000 bá gun ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, ₦200,000 lóṣù nìyẹn. Ìdá 10 owó ìfẹ̀yìntì lórí rẹ̀, ₦20,000. Ìdá kan ti NSITF, ₦2,000. Ó di ₦222,000 lóṣù, ₦2,664,000 lọ́dún, kí àwọn tó wà ní ₦75,000 tó bèèrè pé kí làwọn náà máa gbà. Alhájà wo iye náà, wọ́n mú bírò, wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé ìyẹ̀fun tó wà lórí tábìlì. "Ó dáa," ni wọ́n wí, "ẹ bá mi pín in sórí iye búrẹ́dì tí a ń sun lóòjọ́."